Fọ́ọ̀mù Tí Kò Lámì

2.

…òun fúnra rẹ̀ ló sì tẹ fọ́ọ̀mù náà, láìfi àmì ohùn kan ṣoṣo sí i. "Ta ló ń wá àmì lójú aláìsàn?" Dókítà Oorun nìyẹn, ẹni tó ń kun èèyàn lóorun kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

3.

FOOMU IDENA EEBI LEYIN ISE ABE
Ibeere keta: Se oko maa n je ki inu yin ru?
Idahun: ________

4.

Aránṣọ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ikùn fún kọ "Rárá o." Dókítà ní kò sí ewu, kò fún un lóògùn èébì.

5.

ÌWÉ NỌ́Ọ̀SÌ
Aago méjì: ó jí.
Méjì àbọ̀: èébì.
Mẹ́ta: èébì.
Mẹ́ta kọjá díẹ̀: èébì. Ojú rírán ti ya. Ẹ pe dókítà.

6.

DÓKÍTÀ: Màmá, ẹ kọ "rárá" síbí.
ARÁNṢỌ: Ọkọ mi ò ṣe mí ní nǹkan kan. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni.
DÓKÍTÀ: Ọkọ̀ ni mo bèèrè, mà. Mọ́tò. Ẹni tí mọ́tò bá ń mú bì, oògùn oorun náà á mú un bì.
ARÁNṢỌ: Mọ́tò kẹ̀? Ọ̀rá mẹ́ta ni mo bì kún kí n tó débí!
DÓKÍTÀ: (Ó tún fọ́ọ̀mù náà wò.)
ARÁNṢỌ: Dókítà, tí aṣọ bá tú, aránṣọ là ń bú.

7.

Dókítà kó àwọn fọ́ọ̀mù àtijọ́ jáde. Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta:

— Ọkọ mi ti kú.
— Nígbà tó bá mutí nìkan.
— Oko jìnnà, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn níbẹ̀.
— (Bàbá arúgbó kan fa tiẹ̀ ya. Ó ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fágbà.)

Ẹni tó ń kun èèyàn lóorun, àṣé òun gan-an ló ń sùn.

8.

Ọ̀la ni wọ́n máa tún ikùn náà rán. Oníṣẹ́ abẹ sọ ọ́ gbangba: tó bá tún bì, tí ibẹ̀ tún ya, kò dá òun lójú pé obìnrin náà á yè é.

9.

Ẹ̀rù ń ba Dókítà Oorun.

10.

(Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.)
ỌKỌ̀. Kì í ṣe ỌKỌ. Kì í ṣe OKO.
Ẹ fi ẹnu bèèrè!

11.

Oríṣi oògùn èébì mẹ́ta ló fún un lọ́tẹ̀ yìí. Iṣẹ́ abẹ ti parí. Aránṣọ ti lajú. Ọkọ rẹ̀ dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn. Dókítà di abọ́ mú.

Obìnrin náà wò ó lójú.

Ọ̀fun rẹ̀ mì.

Ó la ẹnu.

Ó lè jẹ́ èébì. Ó lè jẹ́ èébú.

Ọwọ́ mi ni abọ́ náà wà. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ èébú.