Ta Ló Gbé Ọ?

“Ta ló gbé ọ?” Nàímátù dá orin, ó ki apá bọ abẹ́ abíyá àbúrò rẹ̀, ó gbé e kúrò lórí ẹní. “Ọlọ́run Ọba.”

Òun náà ló gbè é. Ó ti pẹ́ tó ti ń dá orin tó sì ń gbè é fún ara rẹ̀, nítorí pé nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn ní àdúgbò Shango, nílùú Minna, ta ni ì bá gbè é? Àbdùlbáàkí àbúrò rẹ̀ ló ń kan páànù òrùlé fún gbogbo àdúgbò tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ tó já lulẹ̀ láti orí òrùlé. Kò rìn mọ́. Ọ̀rọ̀ pàápàá wúwo lẹ́nu rẹ̀, ọjọ́ mìíràn kò ní sọ ẹyọ kan.

Kẹ̀kẹ́ gbé wọn dé ilé ẹ̀kọ́ kan ní Dutsen Kura. Wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó ń tọ́jú aláàbọ̀ ara nílé, pé wọn yóò máa fún wọn lówó lóṣooṣù. Bó bá rí i gbà, yóò wá ẹni tí yóò máa jókòó ti Àbdùlbáàkí láàárọ̀, òun yóò padà sídìí àkàrà rẹ̀ ní oríta. Owó àkàrà nìkan kọ́ ló ń wù ú o. Ó ń wù ú kí ẹnì kan sáà dúró níwájú òun, kó máa ṣàròyé pé iyọ̀ kò tó.

Husnah ni wọ́n ń pe ọ̀dọ́bìnrin tó wà nídìí tábìlì. Ará Ìlọrin ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Minna ni wọ́n bí i sí: Hausa já gaara lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́.

“Sannu, Mama. Ta ló ń tọ́jú ẹ̀?”

Ó ti mọ́ Nàímátù lẹ́nu. “Ọlọ́run ni.”

“To, ó dáa. Nínú ilé ńkọ́?”

“Ọlọ́run náà ni, ọmọ mi.”

Báwo ni yóò ṣe ní òun ni? Ṣé kó máa fi láádá tó ń retí lọ́dọ̀ Ọlọ́run fọ́nnu ni? Àánú ṣe Husnah. Ó nawọ́ sí abẹ́ igi dóńgóyárò, ó ní kí wọ́n lọ jókòó síbẹ̀. Nàímátù rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó náà. Ó tún gbé Àbdùlbáàkí pọ̀n, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó ń kọrin.

“Ta ló gbé ọ? Ọlọ́run Ọba.”

Bàbá afọ́jú kan ti wà níbẹ̀, Bàbá Akínyẹmí, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ó yí etí sí wọn.

“Mi ò mọ̀ pé Ọlọ́run máa ń mí hẹlẹ tó bá gbé nǹkan tó wúwo.”

Àbdùlbáàkí rẹ́rìn-ín. Nàímátù náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ìyá,” ni bàbá náà wí, “àwa tá ò léèyàn là ń bẹ níbí. Wọ́n ń wá ilé tí wọ́n máa kó wa lọ. Kí lẹ̀yin wá ṣe?”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Nàímátù. Ó padà sídìí tábìlì kíákíá, gèlè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já sílẹ̀.

“Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀.”

“Ìwọ?” Husnah kò rí i fín, bí Yorùbá rẹ̀ ṣe mọ nìyẹn.

“Èmi.”

“Ìwọ nìkan?”

Kò tíì sọ ọ́ síta rí. Ohùn tó fi sọ ọ́ kéré. “Èmi nìkan.”

Husnah tẹ orúkọ rẹ̀ sínú fóònù, ó ní ìparí oṣù ni owó náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Nàímátù dúpẹ́ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n títí wọ́n fi délé, nìkan, nìkan, nìkan ni ẹ́ńjìnì kẹ̀kẹ́ ń ké sí i létí.

Lẹ́yìn ìrun magaribi, ó ki apá bọ abẹ́ abíyá àbúrò rẹ̀.

“Ta ló gbé ọ?”

Kò mọ èyí tí yóò fi gbè é mọ́.

Àbdùlbáàkí la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó jáde.

“Ẹ̀yin ni.”

Bí àbúrò ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ Nàímátù dúró, ó gbé e mọ́ àyà, ó ń wo yàrá náà yípo bí ẹni tó ń wá àwọn yòókù.