Oró Aláǹtakùn àti Ojú Télọ̀

Ìyá Aláǹtakùn ni gbogbo ilé ìwádìí ń pè é, kì í sì í bínú. Ẹni tó ń fún oró lẹ́nu aláǹtakùn bí ẹni ń fún wàrà màlúù, orúkọ wo ló tún ń wá?

Lọ́jọ́ yìí, ó mú bàbá rẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Télọ̀ ni bàbá, ọwọ́ rẹ̀ ò láfiwé, àfi ojú tó ń kú lọ. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ló rán ṣòkòtò oníbàárà mọ́ tara rẹ̀. Ìgbà tó dìde, òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n jọ dìde. Dókítà ní awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú ló ń kú, kò sì sóògùn. Bàbá ní dókítà yẹn ò mọ ọmọ òun ni.

Ọmọ pa iná, torí inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà. Inú bàbá dùn: àwọn òṣìṣẹ́ olójú ń forí gbá tábìlì, òun jókòó bí ọba. Irú awọ ẹ̀yìn ẹyinjú yẹn, tí wọ́n yọ lójú ẹja, wà nínú àwo, wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ. Bí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín bá ti kàn án, ẹ̀rọ á dún: kẹ̀. Kẹ̀.

Ọmọ kán oró sí i. Ẹ̀rọ dákẹ́ bí olè tó gbúròó ẹsẹ̀. Ó ṣàlàyé pé kẹ́míkà kan ló ń jíṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ láti sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì, oró sì ti dí ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Bí àwọn ṣe ń mọ ibi tí ọ̀nà wà nìyẹn. Ó wá fi omi oníyọ̀ ṣan oró náà kúrò. Kò pẹ́: kẹ̀. Kẹ̀.

Bàbá dìde.

"Ojú ẹja ti là. Fọ tèmi náà."

"Bàbá mi, wọn ò dí ilẹ̀kùn tiyín. Ilé gan-an ló ń wó."

"Ṣáà fọ̀ ọ́."

Kí ló fẹ́ ṣe? Ó tanná, ó bu omi oníyọ̀, ó fọ ojú bàbá jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Bàbá ṣẹ́jú. Ó rẹ́rìn-ín, ó nàka tààrà.

"Mo rí ọ. O mà ti sanra o. Aṣọ funfun yìí yẹ ọ́."

Fíríìjì ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ bọ́ bàtà kó má baà dún. Ó yọ́ kẹ́lẹ́ lọ dúró síwájú fíríìjì.

"Ẹ ṣeun, bàbá mi."