Fíríìjì Bilqees

Kòsáì, àkàrà àwọn Hausa, ni Saifullah ń jẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Hàjàrá bi í pé báwo ló ṣe gbé fíríìjì yẹn dé Ungwan Shanu.

"Kò níṣòro, Àǹtí. Mo tẹ́ ẹ sínú mọ́tò ni. Wáyà iná ti wálẹ̀ jù ládùúgbò yẹn, ì bá kọ́ ọ lórí."

Hàjàrá gbé ife tíì ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. "O tẹ́ kí ni?"

"Fíríìjì."

Ẹ jẹ́ á sọ ọ́ kó yé wa. Alhaji Rájí, bàbá Hàjàrá, ló dá ṣọ́ọ̀bù yẹn sílẹ̀ ní Kabala Doki, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlọrin dé tí Hausa ẹnu ẹ̀ ò ju "nawa ne", èló ni, lọ. Fíríìjì tòkúnbọ̀, firísà, ẹ̀rọ ìfọṣọ, ibi téèyàn bá dé tó rí i pé ọwọ́ òun ò tó o, ọ̀dọ̀ wọn ló máa padà wá. Òfin kan ni bàbá yẹn ò fi ṣeré títí tó fi kú: fíríìjì tó bá ti dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ gbé e nàró, ẹ má fún un níná títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Òróró inú ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ á ti ṣàn gba inú páìpù lọ. Tí iná bá lọ bá a bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ yẹn kú nìyẹn. "Ẹ jẹ́ kó sinmi," ni bàbá máa ń wí, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ abiyamọ.

Saifullah ò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́nu iṣẹ́. Hàjàrá ló yẹ kó sọ fún un. Kò sọ.

Ọjọ́ wo ló wá jẹ́? Ọjọ́ jere ni o, ọjọ́ táwọn ẹbí amarya, ìyàwó tuntun, máa ń to ẹrù sí yàrá ẹ̀ nílé ọkọ, káwọn ẹbí ọkọ wá wò ó. Ganiat tó ra fíríìjì yẹn ló ń fọmọ fọ́kọ, Bilqees ọmọ ẹ̀, ọkọ sì jẹ́ Hausa. Ganiat ti bẹ Hàjàrá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀: "Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ pé tòkúnbọ̀ ni. Mo ti sọ fún wọn pé inú páálí la ti yọ ọ́." Aago mẹ́rin làwọn ẹbí ọkọ máa dé. Aago mẹ́rin náà ni iná máa ń dé sí Ungwan Shanu.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ti kọjá. Hàjàrá pe Ganiat lẹ́ẹ̀mẹrin, kò gbé e. Ta ló máa gbọ́ fóònù níbi táwọn obìnrin ti ń kọrin? Ó fò sínú kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ dúró fún àgùntàn, ó tún dúró fún ọkọ̀ omi. "Malam, jọ̀ọ́, máa lọ," ló ń wí ṣáá. Ojú ẹ̀ ò kúrò lára gílóòbù iwájú ilé àwọn èèyàn. Kò tíì tàn.

Nígbà tó máa fi dé, àwọn ẹbí ọkọ ti jókòó. Hajiya Zulaiha, ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ, wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fọwọ́ tẹ tìmùtìmù wò. Fíríìjì dúró ní kọ̀rọ̀, ó ń dán. Wọ́n ti ki wáyà ẹ̀ bọ ara ògiri.

Ganiat fà á sẹ́nu ọ̀nà. "Kí lo wá ṣe níbí? Wọ́n á mọ̀ ẹ́ o."

"Yọ wáyà ẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ wá ni. Tíná bá dé, ó ti kú."

"Lójú wọn? Omi tútù tí wọ́n fẹ́ mu ni wọ́n ń dúró dè. Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Ganiat," Hajiya Zulaiha pè láti inú yàrá, "wace ce wannan?"

"Àbúrò mi ni, Hajiya. Ó wá kí wa."

Ìgbà yẹn gan-an lariwo àwọn ọmọdé gbéra láti ìparí àdúgbò, níbi tíná ti máa ń kọ́kọ́ dé: "An kawo wuta." Ìyẹn ni pé iná ti dé. Ariwo yẹn ń bọ̀ láti ilé sí ilé. Hàjàrá ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó la àárín àwọn obìnrin kọjá, ó tẹ etí aṣọ ẹnì kan mọ́lẹ̀, ó fa wáyà yọ. Gílóòbù orí wọn tàn.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Kí ló dé?" Hajiya Zulaiha ni. "Àbí kò ṣiṣẹ́?"

Ganiat ń wo Hàjàrá bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tú aṣọ lára ẹ̀. Tí Hàjàrá bá sọ òótọ́, ojú ti Ganiat, ojú ti Bilqees. Tó bá sì dákẹ́, wọ́n á ní kó dá wáyà padà. Ó gbá wáyà mú, ó fi Hausa dá a lóhùn.

"Hajiya, amarya tó bá wọlé yín lónìí, ṣé lónìí náà lẹ máa ní kó dáná? Ẹ á jẹ́ kó sinmi. Bí àwa ará Ìlọrin ṣe ń ṣe fíríìjì amarya náà nìyẹn. Ọ̀la ló máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. "Fíríìjì náà ti di amarya." Ẹ̀rín gba yàrá.

Hajiya Zulaiha ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn fíríìjì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Hàjàrá rí ohun tó rí: bébà labalábá kékeré kan, irú èyí tọ́mọ òyìnbó máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Wọn ò nù ún kúrò. Inú páálí wo ni labalábá ti ń jáde?

Hajiya fi èékánná họ ọ́. Ó họ ọ́ títí tó fi ṣí, ó ká a, ó jù ú sínú báàgì ẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó sinmi," ló wí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ fún Hàjàrá nìkan: "Tèmi náà sinmi. Ọkùnrin Ìlọrin kan ní Kabala Doki ló tà á fún wa. Hausa ẹnu ẹ̀ ò dáa rárá."

Lọ́jọ́ kejì, Ganiat fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó kàn gbé fóònù ti fíríìjì ni, ó ń kùn wùùù, kò dáwọ́ dúró. Hàjàrá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá gbé e sétí Saifullah.

"Ó dáa, Àǹtí. Èwo la máa gbé lónìí?"

"Firísà yẹn," ni Hàjàrá wí. "Wàá gbé e nàró. Tí wáyà bá sì wálẹ̀ jù, ọ̀nà mìíràn ni kó o gbà."