Orúkọ Tí Àbíkẹ́ Pè ní Àjàṣẹ́

Àwọn òyìnbó tí Bùràímọ̀ ń bá ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Àpápá a máa lọ lífù lọ́dọọdún, ìyẹn ìsinmi ẹnu iṣẹ́. Lẹ́yìn Iléyá ọdún 1954, Bùràímọ̀ wọ ilé ní Ọ̀jọ́, ó ní òun náà ti gba lífù, òun yóò sì mú Àbíkẹ́ ìyàwó òun àti Ọmọ́wùmí ọmọ àwọn lọ sí Àjàṣẹ́, nílẹ̀ àwọn Faransé. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ lọ sìnkú, wọn ò sì lọ́jà tí wọ́n fẹ́ tà. Wọ́n kàn fẹ́ lọ jayé ni! Agbo ilé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ìyá Àgbà, ìyá Bùràímọ̀, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó," ó wí fún Àbíkẹ́, "obìnrin tó bá kọjá ẹnubodè, ẹnu rẹ̀ náà a máa kọjá ààyè ẹ̀. Má lọ gbàgbé ilé tó o ti jáde o."

"N ò ní gbàgbé, Ìyá."

Ọ̀rọ̀ náà dun Àbíkẹ́. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, kò pe ọmọ ilé kankan lórúkọ rí, ìyàwó rere kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tí kò tíì hu irùngbọ̀n, "Akọ̀wé" ló ń pè é. Ọkọ fúnra rẹ̀, "Bàbá Ọmọ́wùmí" ni. Kí wọ́n tó bí Ọmọ́wùmí ńkọ́? "Ẹ gbọ́ ná" ló ń pè é nígbà náà.

Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Òjò pa wọ́n dé Àgbádárìgì, Ọmọ́wùmí bì sórí fìlà tuntun bàbá rẹ̀, ẹ̀fọn Àjàṣẹ́ sì fi wọ́n ṣe sààrà. Ṣùgbọ́n ayé dùn! Nílé, Bùràímọ̀ ló máa ń wà níwájú, tí Àbíkẹ́ á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ní Àjàṣẹ́, wọ́n jọ ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni, wọ́n ń wo ilé aláràbarà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Inú Àbíkẹ́ dùn débi pé ẹ̀rù ń bà á.

Ọjọ́ tí wọ́n máa padà, ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbéra nígbà tí Bùràímọ̀ rántí pé òun kò tíì ra búrẹ́dì Faransé fún ìyá òun. Ó ní kí wọ́n dúró de òun, ó sáré wọ ọjà lọ. Wọ́n retí rẹ̀ títí. Lífù sì parí lọ́jọ́ náà; bí ọkọ̀ yìí bá fi í sílẹ̀, iṣẹ́ Àpápá ti bọ́ nìyẹn.

Ọkùnrin Ẹ̀gùn kan wà létí omi tó máa ń fi ohùn ńlá rẹ̀ pe àwọn èrò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọkọ mi."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Bàbá Ọmọ́wùmí."

Ó ké e. Bàbá Ọmọ́wùmí méjì yọjú: arúgbó kan pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, àti alágbẹ̀dẹ kan tí èéfín bò lójú. Kò sí èyí tó jẹ́ ti Àbíkẹ́.

"Sọ orúkọ ẹ̀ gan-an, ìyáàfin!"

Àbíkẹ́ wolẹ̀. "Orúkọ wòlíì tó fẹ́ dúńbú ọmọ ẹ̀, tí Ọlọ́run fi àgbò rọ́pò, ni wọ́n sọ ọ́."

Onítọ̀hún kì í ṣe Mùsùlùmí. Àgbò nìkan ni òye rẹ̀ gbé. Ó kọjú sọ́jà: "Ẹ bá wa wá àgbò o! Àgbò obìnrin ará Èkó kan sọnù o!"

Wọ́n ti ń tú okùn ọkọ̀. Àbíkẹ́ rántí Ìyá Àgbà, ó rántí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó gun orí àpò àgbọn kan, ó sì la ẹnu:

"Bùràímọ̀! Bùràímọ̀ Ògúnlànà! Níbo lo wà?"

Áà! Orúkọ ọkọ àti ti bàbá ọkọ, lẹ́ẹ̀kan náà! "Níbo lo wà," bí ẹni ń pe ọmọdé! Àwọn obìnrin Yorùbá tó wà lọ́jà fọwọ́ bo ẹnu. Bùràímọ̀ sì yọ láàárín èrò, ó ń sáré tete, ó há búrẹ́dì gígùn mọ́ abíyá. Díẹ̀ ló kù kó ṣubú sómi kí wọ́n tó fà á wọnú ọkọ̀.

Nígbà tó mí délẹ̀, ó bi í pé, "Ta ló pè mí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Ìyá mi ń pè mí lórúkọ, ọ̀gá mi ń pè mí, kò dùn tó báyìí rí. Tún un pè kí n gbọ́."

Àbíkẹ́ fi gèlè bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rọra pè é. Bùràímọ̀ dáhùn, "Ooo!"

Wọ́n kìlọ̀ fún Ọmọ́wùmí pé kó má sọ nílé. Ta ló ń kìlọ̀ fún ọmọdé! Bí wọ́n ṣe gbé búrẹ́dì síwájú Ìyá Àgbà, tí ó béèrè ohun tí ojú ọmọ rí, ni Ọmọ́wùmí fi igbe ta: "Màámi ní, 'Bùràímọ̀ Ògúnlànà! Níbo lo wà?'"

Àbíkẹ́ kúnlẹ̀ gbì. Ìyá Àgbà ń wo ojú ọ̀sà.

"Ṣé ó dáhùn?"

"Ó sáré wá, Ìyá."

"Èmi ò pe bàbá ẹ̀ lórúkọ rí, títí a fi sin ín." Ó bu búrẹ́dì díẹ̀, ó dì í mọ́wọ́, kò jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó wí jẹ́jẹ́ pé, "Ògúnlànà." Ó tún un wí sókè: "Ògúnlànà o! Níbo lo wà?"

Ó fọwọ́ bo ẹnu kíá, ó sì bú sẹ́rìn-ín bí ọmọge.

"Dìde, ìyàwó," ó ní. "Ó mà dùn lẹ́nu o."