Ẹ̀rín tí Mo Fi Atìlẹ̀kùn Rín

Ẹnu mi mú. Ìyá tó bí mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ọkọ mi tó sọ ọ́, àwọn oníbàárà mi náà sì mọ̀. Mo lè rán aṣọ obìnrin kí ẹni tó wọ̀ ọ́ má fẹ́ kúrò níwájú dígí, ṣùgbọ́n bí o bá ń fi ìkánjú yọ mí lẹ́nu pé kí n yára, wàá gbọ́ tìrẹ. Àbúrò mi kan ṣoṣo, tí a jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní tirẹ̀. Ṣòkòtò nìkan ló ń rán, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ọ̀gá Ṣòkòtò. Ẹ̀rọ tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tirẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé, tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ fún àwa méjèèjì sì wà láàárín. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa: olórí ìjọba àná. Nígbà tí ọkùnrin náà wà lórí oyè, ó ti ilé iṣẹ́ ahunṣọ tí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ pa. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ọkọ mi gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ dání débẹ̀, ó bá ágádágodo lẹ́nu géètì. Kò ríṣẹ́ gidi kan ṣe mọ́ títí ó fi kú. Láti ìgbà yẹn ni mo ti sọ ọkùnrin yẹn ní Atìlẹ̀kùn, orúkọ náà sì ràn ju bí mo ti rò lọ. Ṣùgbọ́n òun kan náà ló fa iná mànàmáná dé òpópónà wa, Baba Oníná sì ni àbúrò mi ń pè é. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, àbúrò mi á ní, "Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ pa áyọ́ọ̀nù yẹn ná." Èmi á ní kó panu mọ́, n ó sì máa lọ aṣọ mi lọ.

Lẹ́yìn ìbò kọ̀ọ̀kan, a máa ń ṣa pósítà àwọn olóṣèlú jọ, torí pépà wọn le, ó sì dára láti fi gé àwòṣe aṣọ. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ojú Atìlẹ̀kùn gé ìdí ṣòkòtò. Àbúrò mi á kàn rẹ́rìn-ín, á ní ó kéré tán, baba òun ríbi jókòó sí. Ìjà wa ò ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà.

Ìròyìn wá dé lọ́jọ́ kan pé kíndìnrín Atìlẹ̀kùn ti daṣẹ́ sílẹ̀, àti pé ọsibítù ńlá ìlú wa níbí ni wọ́n gbé e wá. Bàbá Onílẹ́tà ló mú un wá fún wa. Ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ pínpín lẹ́tà, àga kan ní ṣọ́ọ̀bù wa ló sì wá di ọ́fíìsì rẹ̀ láràárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní aṣọ kankan lọ́wọ́ wa. Ẹnì kan ti ya fọ́tò ọkùnrin náà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ti ń kiri orí fóònù. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú rẹ̀ wú, rọ́bà kan sì wọ inú ọrùn rẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbà fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

N kò ní í purọ́, inú mi dùn. Mo gba fóònù náà, mo fi han àwọn oníbàárà méjì tó jókòó. "Ẹ wò ó! Ó mu ẹ̀jẹ̀ wa yó, wọ́n ti wá ń fà á jáde lọ́rùn rẹ̀. Ọlọ́run ti so ó mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Onílẹ́tà rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá gbọ́ ẹ̀rín, ó máa ń ṣe é bí ẹni pé kó tún fi kún un. Mo bá fi kún un: "Kíndìnrín èèyàn rere kì í ṣàdédé bàjẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ní í dá irú rẹ̀ síni lára."

Mo ń retí ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù, n kò gbọ́ ọ. Àbúrò mi ti dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ó dìde, ó di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú díẹ̀, ó ní, "Bí a ti ń jà, bí i ká kú kọ́, Àǹtí." Ó sì bọ́ síta.

"Ẹ jẹ́ kó lọ sunkún baba rẹ̀," ni mo wí. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà náà tó ti máa ń jáde ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, á lóun ń lọ ra òwú. Òwú wo? Òwú wà ní àpótí wa tó lè rán aṣọ fún odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ṣòkòtò àwọn èèyàn ń pẹ́, èmi ni wọ́n sì ń wá bá. Ó tún ti pa bàtà tì, sílípáàsì ló ń wọ̀ kiri bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní balùwẹ̀. Mo ní ooru ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá Onílẹ́tà tẹ̀ mọ́ mi létí. "Mo rí Ọ̀gá Ṣòkòtò níjẹta lẹ́nu géètì ọsibítù. Àárín àwọn tó ń kọrin fún Atìlẹ̀kùn ló jókòó sí, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀."

Inú bí mi dé góńgó. Ọkọ mi tó jẹ́ pé òun ló fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀rọ àkọ́kọ́ fún un! Ọmọ tí mo pọ̀n, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́! Òun ló wá lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ torí ẹni tó sọ wá di ohun tí a dà. N kò sùn dáadáa. Nígbà tó jáde lọ́jọ́ Ẹtì, mo ka ogún, mo tẹ̀ lé e, tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn mi.

Ọlọ́pàá méjì ló dúró láàárín títì níwájú ọsibítù. Àwọn tó ń kọrin wà ní apá kan pẹ̀lú àwòrán Baba Oníná. Àwọn tó ń pariwo wà ní òdìkejì, ọ̀kan nínú wọn sì mọ̀ mí, ó ń juwọ́ sí mi pé kí n máa bọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn olórin ni mo kọrí sí. N kò rí àbúrò mi. Mo bi obìnrin kan tó fi aṣọ borí léèrè ọkùnrin gíga tó ń wọ sílípáàsì.

"Ọ̀gá aránṣọ?" ló wí. "Kì í bá wa kọrin o. Inú ọsibítù ló máa ń wọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti gbé e, a fún un lómi, ó sì jókòó tì wá fún ìgbà díẹ̀. Ṣé ó ti rí bẹ́ẹ̀dì báyìí?"

Bẹ́ẹ̀dì kẹ̀? Ẹsẹ̀ mi ti ń lọ kí orí mi tó mọ ibi tó ń lọ.

Nọ́ọ̀sì kan tó mú fáìlì dání ló dá mi dúró lọ́dẹ̀dẹ̀. Mo ṣàpèjúwe àbúrò mi fún un, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí lẹ jẹ́ sí i?"

"Ọmọ ìyá mi ni."

"Ó ní òun ò ní ẹbí kankan nítòsí." Ó ṣí fáìlì, ó tún pa á dé. "Ìyá, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáṣẹ́ dúró. A ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí pé kó jẹ́ ká fi rọ́bà sí i lọ́rùn ká bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó kọ̀. Oògùn nìkan ló ń gbà. Dókítà ti ní bó bá lọ sílé bẹ́ẹ̀ lónìí, ó lè má rí ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ó wà lórí bẹ́ǹṣì ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, òun nìkan, ó fi orí ti ògiri. Mo kúnlẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ jin wọlé bí ìyẹ̀fun tí a fi omi pò, kò sì padà.

"Àǹtí," ló wí, "ta ló sọ fún yín?"

"Èmi ló yẹ kó o sọ fún! O ní o ò lẹ́bí? Èmi wá ńkọ́?"

Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. "Mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́ tí fọ́tò yẹn dé. Mo ti ronú ohun tí mo máa sọ. Ẹ wá ní wọ́n so ó bí ewúrẹ́." Kò gbóhùn sókè rárá, ìyẹn ló sì dùn mí jù. "Ẹ ní iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló ń dá a síni lára. Àǹtí, kí ni mo ṣe?"

Ojú tì mí. Ojú ò tì mí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. "N kò mọ̀ pé ó ń ṣe ìwọ. Ká ní mo mọ̀..."

"Ká ní kò ṣe mí, ṣé ẹ̀rín yẹn máa wá dáa?"

Mo bọ́ tépù kúrò lọ́rùn mi, mo ń ká a, mo ń tú u.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi ìyá wa bẹ̀ ẹ́, mo fi àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lọ́nà jíjìn bẹ̀ ẹ́, pé kó jẹ́ kí wọ́n fi rọ́bà náà sí i. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ kí i."

"Kí ta ni?"

"Ẹ mọ ẹni tí mò ń wí. Òkè yìí ló wà."

Kíá ni inú tún bí mi. Mo ti rò pé ó ti kúrò lára mi, kò tíì kúrò. "Ọkọ mi ńkọ́?"

"Mi ò ní kẹ́ ẹ dárí jì í. Ọkọ yín fẹ́ràn mi, èmi náà mọ̀. Mo ní kẹ́ ẹ kí i pé kí ara rẹ̀ yá. Àìsàn kan náà ló ń ṣe wá. Bí ẹ ò bá lè fẹ́ kó sàn fún òun, báwo ni mo ṣe máa gbà pé ẹ ò ní í máa wo tèmi bí ẹ̀san?"

A ń gbọ́ orin láti ìta, a sì ń gbọ́ ariwo àwọn tòdìkejì. Mo rántí ọkọ mi bó ṣe padà wọlé lọ́jọ́ Ajé yẹn, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo wo ẹsẹ̀ àbúrò mi.

"Kí Ọlọ́run wò ó sàn," ni mo wí.

"Ta ni?"

"Atìlẹ̀kùn! Kí ara rẹ̀ yá. Kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ṣì ní ẹjọ́ bá a rò o, mo sì fẹ́ kó wà láyé gbọ́ ọ." Mo ti ń sunkún kí n tó parí rẹ̀. Mo sì rí i pé òótọ́ ni mo sọ, mo fẹ́ kó yè.

Àbúrò mi ju orí sẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí nọ́ọ̀sì gbé ìwé wá kí òun fọwọ́ sí i.

Wọ́n ní kí n dúró síta nígbà tí wọ́n ń fi rọ́bà náà sí i. Mo mú fóònù, mo pe Bàbá Onílẹ́tà, torí mo mọ̀ pé á ti wà lórí àga rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tún di ohun tí a ń fi pamọ́. Mo ní, "Baba, Ọ̀gá Ṣòkòtò kò wá kọrin. Kíndìnrín ló ń ṣe é. Rọ́bà yẹn gan-an ni wọ́n ń fi sí i lọ́rùn báyìí. Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó dúró kí n dé."

Mo rò pé fóònù ti já.

"Baba?"

"Mò ń gbọ́," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ní kí èmi náà wá gba rọ́bà yẹn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ?"

"Kí ẹ má baà fura ni, ìyá mi."

Mo ní kó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kó dúró síbẹ̀, mò ń bọ̀ wá mú un.