Itọ́ Tísà

Ọjọ́ kẹta rèé tí Tísà ò fẹnu kan oúnjẹ. Bí ìyàwó rẹ̀, Ìyá Aránṣọ, bá ti gbé ṣíbí dé ètè rẹ̀, á yíjú sógiri, á di ẹnu pinpin. Àìsàn gbígbọ̀n ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún méjì, kò lè sọ ohun tó ń ṣe é.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni?" Ìyá Aránṣọ sọ ọ́ tẹkúntẹkún.

Ṣáájú, itọ́ ló ń dà á láàmú. Á ṣàn sí i láyà, àwọn ọmọ tó kọ́ ní ìṣirò tí wọ́n wá kí i á sì máa wolẹ̀. Dókítà wá fún wọn ní oògùn tí wọ́n ń kán sí i lẹ́nu, itọ́ sì dá wáí. Inú obìnrin náà dùn jọjọ. Nígbà tí ẹnu ọkọ rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú, súìtì ló ń fi sí i lẹ́nu kó lè rí nǹkan lá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tísà wú. Ìyàwó rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín wàràwàrà.

Dókítà náà tan iná sẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, eyín mẹ́rin ti jẹrà. Ìgbà wo nitọ́ wọn ti gbẹ?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́fà."

"Itọ́ yẹn ló ń fọ eyín wọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún yín ni?"

"Ẹnikẹ́ni ò sọ. Èmi tún ń fún wọn ní súìtì."

Dókítà náà fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tísà.

"Wíwú yìí ti ń sún mọ́ ọ̀fun. A gbọ́dọ̀ yọ eyín náà báyìí. Ẹ bá mi di orí wọn mú. Bí wọ́n bá gbọ̀n, abẹ́rẹ́ á ṣìnà."

Ó gbá orí ọkọ rẹ̀ mọ́ àyà. Orí náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohun tó bá bọ́ sí i lẹ́nu ló ń sọ sí i létí: "Méje lọ́nà kan, méje. Méje lọ́nà méjì, mẹ́rìnlá..." Gbígbọ̀n náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọlé. "Méje lọ́nà mẹ́fà, ogójì."

Tísà fajú ro.

"Ẹ má bínú, sà. Méjìlélógójì."

Dókítà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mú ẹ̀mú.

Wọ́n yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Dókítà tó ń wo àìsàn gbígbọ̀n náà dín oògùn itọ́ náà kù, súìtì di èèwọ̀, omi ni wọ́n sì ń fún un mu ní ìwọ̀nba. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, itọ́ tún ṣàn sí i lágbọ̀n. Ìyá Aránṣọ nù ún, ó sì bu ṣíbí kejì. Tísà la ẹnu.