Ọ́fíìsì Tó Gbẹ́sẹ̀ Lé Ohùn Orin Mi

Ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná fún yín, ẹ̀yin ìyá, kí ẹ tó bi mí léèrè ẹni tó fún àwọn ọmọ olórin yẹn ní kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa. Oorun ráńpẹ́ ni o, lórí àga, lẹ́yìn tí mo jẹ iṣu tán.

Ẹ mọ Mofìyìn, àbíkẹ́yìn mi. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Aláfojúdi. Mo bi í pé irú orúkọ burúkú wo nìyẹn. Ó ní ohun tí wọ́n fi ń bú àwọn láti kékeré ni, pé àwọn ti wá gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń bú àwọn. Gbọ̀ngàn wa ni wọ́n fẹ́ lò lọ́la Sátidé. Orin wọn ń sọ pé obìnrin ló ni ara rẹ̀, gìtá oníná ni wọ́n sì fi ń pariwo rẹ̀ kiri àdúgbò. Inú bí mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni mo sọ fún un pé kò sí wàhálà, kó ṣáà lọ gba lẹ́tà wá lọ́wọ́ Kólápọ̀, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, pé ó fọwọ́ sí i. Mi ò fẹ́ kí àwọn àna wa sọ pé mi ò kọ́ ọmọ. Mofìyìn kàn jáde ni.

Nínú àlá náà, mò ń fọ abọ́. Mo fẹ́ dá orin bí mo ṣe máa ń ṣe, ohùn ò jáde. Ọ̀rọ̀ ń jáde o, orin ni ò jáde. Ni rédíò tó wà lójú fèrèsé bá yíjú sí mi.

"Ẹ má wulẹ̀ dààmú, mà," ló wí. "Wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé e."

"Àwọn wo?"

"Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ohùn obìnrin. Àwọn ló ń kọjá lórí òrùlé yín yẹn."

Mo yọjú. Lóòótọ́, ilé alájà méjì kan ń léfòó lọ lójú ọ̀run, àtẹ̀gùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ láàárín ọgbà mi. Ẹnu yà mí gidigidi, torí pé ó ti tẹ ilá mi mẹ́rin pa. Mo ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, mo gun àtẹ̀gùn náà.

Ìgò ló kún inú ibẹ̀ dé òrùlé. Ohùn obìnrin ni wọ́n rọ sínú wọn, wọ́n sì lẹ orúkọ mọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan. Mo wá orúkọ mi títí, mi ò rí i.

"Mọ́mì, orúkọ Dádì ni kí ẹ máa wá," gìtá kan tó fara ti ògiri ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gìtá náà. Ọmọbìnrin tó ni ín jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fárí, ó sì kun ètè rẹ̀ pupa fòò. Mi ò lè pa á mọ́ra.

"Ọmọ mi, ìwọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin, o tún kun ètè báyìí? Nígbà tiwa, ojú lásán la fi ń lọ."

"Ẹ̀yin ti ṣe tiyín, Mọ́mì, ẹ ṣeun. Ètè tí mo kùn yìí náà ni mo fi ń kọrin."

Gìtá rẹ́rìn-ín. Kò tiẹ̀ bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Mo bá kọjá lọ gba ohùn mi lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tó so táì. Kò gbójú sókè.

"Ẹ mú lẹ́tà ọkọ yín wá," ló wí.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ ò gbàgbé ọdún tí ọ́fíìsì kan ní kí n gba lẹ́tà ọkọ wá kí n tó lè gba ìwé ìrìnnà. Ẹ̀yin náà lẹ bá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìyá Dàda, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin lẹ gbé àdògán tí a fi dáná wá síbẹ̀. Nítorí náà, ara mi gbóná.

"Ọkọ mi ti kú láti ọdún méje sẹ́yìn," mo ní.

"Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀."

Mo kàn án. Bàbá Mofìyìn ṣílẹ̀kùn, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo sọ ohun tí mo bá wá.

"Bíírò mi ti gbẹ," ló wí. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, kò ní bíírò rí láyé rẹ̀. Ó wá wò mí tìfẹ́tìfẹ́. "Àbí èmi ni mo ni ohùn ọ̀hún ni?"

Nígbà tí mo fi padà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ìwo ti hù lórí rẹ̀. Ewúrẹ́ ni. Gbogbo akọ̀wé rẹ̀ ti di ewúrẹ́, wọ́n ń fi sùúrù jẹ lẹ́tà ọkọ oníkálukú.

"Ṣé ohun tí ẹ ń fi lẹ́tà wa ṣe nìyí?" Mo pariwo.

"Kí lẹ rò pé a fi ń ṣe?" ni ewúrẹ́ dáhùn.

"Ta ló ṣòfin yìí? Ẹ mú un jáde!"

Ó fi ìwo ti fáìlì kan sí mi. Mo ṣí i. Bíírò pupa tí mo fi ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé ni wọ́n fi kọ òfin náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kọ ọ́, ìbuwọ́lùwé èmi gan-an ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo fọwọ́ kan àgbọ̀n mi, mo bá irùngbọ̀n níbẹ̀. Ìwé wà lẹ́nu mi, ó sì ń dùn. Mo fẹ́ ké pe Jésù, "mẹ̀ẹ́ẹ̀" ló jáde.

Mo ta jí. Mofìyìn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, àpòòwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́. Lẹ́tà Kólápọ̀ nìyí."

Mo ṣí i. "Èmi Kólápọ̀ fún Mofìyìn láyè láti kọrin fún wákàtí méjì." Wákàtí méjì! Mi ò mọ ìgbà tí mo fà á ya.

"Mọ́mì!" Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Ọjọ́ méjì ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó tó kọ ọ́. Mo kúnlẹ̀!"

Ẹ̀yin ìyá, ilé tó ń fò ò já mi láyà. Ewúrẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ ò já mi láyà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, tó pe ara rẹ̀ ní Aláfojúdi, kúnlẹ̀ bẹ ọkùnrin nítorí pé èmi ni mo rán an. Ìyẹn ló já mi láyà. Ojú ń tì mí.

Èmi ni mo fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá fẹ́ yọ mí nípò alága, ẹ dìbò, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n kọrin lọ́la títí yóò fi rẹ̀ wọ́n.